Ìyá Ta Ni Ká Máa Pè Yín?

Búrẹ́dì tí wọ́n ń tà ní ìkóríta àdúgbò wa ní Ìgàndó kò dára. Mo ti sọ ọ́, n ó sì tún un sọ. Atẹ́gùn ló kún inú rẹ̀. Tí èèyàn bá fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, á wọlé bí ìrọ̀rí tí òwú rẹ̀ ti gbó, kò sì ní padà síta mọ́. Síbẹ̀, láràárọ̀ ni àwọn èèyàn máa ń tò síwájú ṣọ́ọ̀bù náà bíi pé sàráà ni wọ́n fẹ́ gbà. Èmi náà máa ń tò sáàárín wọn. Mo máa ń rà á, mo sì máa ń fi ìbínú jẹ ẹ́.

Wọ́n ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Irọ́ ni, ó kéré tán lọ́dọ̀ tèmi. Ní Ọ̀yọ́ níbi tí mo ti wá, mo ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta mílíìkì, ṣúgà, ọṣẹ àti gbogbo nǹkan wẹ́wẹ́ tí ilé ń lò, láti ìgbà tí mo wà ní ìyàwó ọ̀ṣìngín títí orí mi fi funfun. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí ọjà tó bẹ́ẹ̀ kò lè wọ ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn kó má wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo dé Ìgàndó tí n kò mọ ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn: kí n máa rìn láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, kí n máa dá wọn lẹ́jọ́ nínú mi.

Télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí mọ iṣẹ́ dáadáa, àmọ́ "lọ́la" tirẹ̀ kì í mọ́. Ọkùnrin tó ń ta oògùn ní kẹ́míìsì a máa tẹ fóònù nígbà tí èèyàn bá ń ṣàlàyé ibi tó ń dùn ún, lẹ́yìn náà á fún un ní oògùn ibà. Orúnkún ń dùn ọ́, oògùn ibà. O ò rí oorun sùn, oògùn ibà. Ẹni tó ń ta gáàsì ìdáná ló wá burú jù. Ọkùnrin yẹn kì í sọ̀rọ̀, ariwo ló ń pa, àfi bí ẹni pé gbogbo oníbàárà rẹ̀ ló dití.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Tẹkúntẹkún ni mo wọ Ìgàndó.

Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Baruwa ló bá mi wá yàrá àti pálọ̀ tí mo wà. Ó rò pé dídá gbé ló sú mi ní Ọ̀yọ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, obìnrin. Ó ti parí ilé-ìwé, ó ti ń ṣiṣẹ́, àìsàn kan kàn dé, kò sì pẹ́ rárá tó fi lọ. Láti ọjọ́ tí mo ti bí i ni gbogbo àdúgbò ti ń fi orúkọ rẹ̀ pè mí, Ìyá Lágbájá. N kò ní kọ orúkọ náà gan-an síbí. Ẹnu ni mo fẹ́ kí wọ́n máa fi pè é.

Bó ṣe kú ni wọ́n gbé orúkọ náà pa mọ́. Mo mọ̀ pé àánú ló mú wọn ṣe é, nítorí bó ṣe wà lọ́dọ̀ wa nìyẹn: a kì í dárúkọ ọmọ tó kú lójú ìyá rẹ̀. Kí a tó ṣe àdúà ọjọ́ mẹ́jọ tán, mo ti di "Màmá", mo ti di "Ìyá oníṣọ́ọ̀bù". Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ dàgbà, tó ti ń pè mí ní Ìyá Lágbájá láti ìgbà tí ọmọ ti wà lẹ́yìn mi, kò wá rí nǹkan kan pè mí mọ́. Á kàn wọlé, á ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ńlé." Ikú gba ọmọ lọ́wọ́ mi, àwọn aláàánú sì gba ìyókù. Ìdí tí mo fi kó ẹrù wá síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ mí nìyẹn. Mo fẹ́ kí ẹnì kan tún fi orúkọ ọmọ mi pè mí. N kò ní nǹkan mìíràn tí mo wá ṣe ní Èkó.

Àmọ́ ẹnu mi kò ṣí. Ọlọ́jà kì í fẹ́ kí oníbàárà wà láìní ohun tí wọn yóò máa pè é, nítorí náà gbogbo wọn ló bi mí. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ní, "Ìyá ta ni ká máa pè yín, mà?" Mo ní kó máa pè mí bó bá ṣe wù ú. Télọ̀ gbọ́ ohùn mi, ó sọ mí ní Màmá Ọ̀yọ́. Ní ọ̀dọ̀ onígáàsì, tí gáàsì bá tán, àwọn èèyàn máa ń to sílíńdà wọn sílẹ̀ de ọkọ̀ tó ń gbé e bọ̀, ọkùnrin náà á sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ ẹni tó ni ín sí i lára. Ìyá tibí, Bàbá tọ̀hún, gbogbo wọn tò bí ọmọ ilé-ìwé lórí ìlà. Ó mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, ó pariwo mọ́ mi pé, "Kí ni ká kọ, mà?" Mo ya ẹnu, ohùn kò jáde. Ara rẹ̀ kò gbà á, ó kọ "ilé aláwọ̀ ewé" sí i. Nígbà tí mo gbé sílíńdà náà délé, mo jókòó tì í, mo sunkún. Ilé ni wọ́n kọ, wọn kò kọ èèyàn.

Ọjọ́ ń bẹ tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí mo bá bá oníbúrẹ́dì sọ láàárọ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí yóò jáde lẹ́nu mi títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Mo ti wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ọjà Ìkòtún rí láìní nǹkan tí mo fẹ́ rà, kí èèyàn ṣáà lè fara gbún mi. Obìnrin kan gbún mi lóòótọ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà." Mo gbé "ẹ jọ̀ọ́" yẹn wálé.

Ibi ìlọta nìkan ni n kò rí àléébù sí. Obìnrin tó ni ẹ̀rọ náà kò tíì tó ogójì ọdún, ó ń fi omi ṣan ẹ̀rọ rẹ̀ dáadáa kó tó gba ata ẹlòmíràn, kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀wà ẹnì kan bá tòmátì ẹnì kejì lọ. Èmi tí mo lè rí ẹ̀ṣẹ̀ lára abọ́ òfìfo, n kò rí nǹkan kan sọ. Ẹ̀rọ náà ń pariwo gan-an, nítorí náà àwọn oníbàárà a máa gbé abọ́ wọn kalẹ̀ fún un, wọn a sì lọ jókòó lábẹ́ igi furúùtù ní òdìkejì títì. Tí ata ẹni bá délẹ̀, yóò pariwo orúkọ rẹ̀ kọjá ariwo ẹ̀rọ.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ń da tàtàṣé mi sẹ́nu ẹ̀rọ, kò tilẹ̀ wo ojú mi. "Ìyá ta ni, mà?" Bóyá nítorí pé kò wò mí ni. Orúkọ náà kàn já bọ́ lẹ́nu mi. Ohùn mi ha bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Mo kọjá sí abẹ́ igi, mo jókòó.

"Ìyá Lágbájá! Ata yín ti délẹ̀ o!"

N kò dìde. Mo fẹ́ kó tún pè é. Ó sì tún pè é.

Láti ọjọ́ náà lọ, mo ń lọ ata bíi pé mo ń ta oúnjẹ. Èmi nìkan nìyí, iná kì í sì í dúró kí fíríjì ṣiṣẹ́. Mo ń fún àwọn ará ilé ní ata títí ó fi sú wọn. Kò pẹ́ tí orúkọ náà fi gba orí títì kọjá. Oníbúrẹ́dì gbọ́ ọ níbi ìlọta, télọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu oníbúrẹ́dì, onígáàsì sì nu "ilé aláwọ̀ ewé" kúrò lára sílíńdà mi, ó kọ tuntun. Inú mi dùn débi pé mo gbójú fo búrẹ́dì náà. Wọ́n ti bi mí iye ọmọ tí mo bí, mo ní ọ̀kan ṣoṣo ni; wọ́n wá máa ń ní kí n bá àwọn kí i. "Ẹ bá wa kí i o, mà." Mo máa ń dáhùn pé, "Á gbọ́." N kò parọ́ fún wọn. Tí mo bá kírun tán, mo máa ń jẹ́ iṣẹ́ náà fún un.

Iléyá wá dé. Gbogbo ojúlé ni ọmọ ti ń ti Ẹ̀gbẹ́dá, ti Ìyànà Ìpájà, ti ọ̀nà jíjìn wá, báàgì lọ́wọ́, ọmọ lẹ́yìn. Àbúrò mi yọ sọ́dọ̀ mi, ó jẹ ẹran, ó lọ. Nígbà tí ọdún kásẹ̀ nílẹ̀, mo gbé ata mi lọ síbi ìlọta. Oníbúrẹ́dì wà níbẹ̀ pẹ̀lú tirẹ̀.

Ẹlẹ́rọ ata ní, "Ìyá Lágbájá, a ò mà rí ọmọ yín lọ́dún."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ má bínú o, mà, ọmọ yẹn ò ṣe dáadáa. Látìgbà tẹ́ ẹ ti dé, kò yọjú lẹ́ẹ̀kan. Iléyá dé, Iléyá lọ. Ọmọ kan ṣoṣo! Ẹ fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀ jàre, màá pè é, màá sọ fún un pé wọn kì í pa ìyá tì báyẹn."

"Àwọn ọmọ ìsinsìnyí," ni oníbúrẹ́dì wí. "Tí wọ́n bá ti ríṣẹ́, ó parí. Ọmọ burúkú ni, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́."

Tèmi ni wọ́n ń gbà jà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, n kò sì bínú sí wọn. Àmọ́ ọmọ tí wọ́n ń bú yìí, kò sí ọjọ́ Sátidé tí kì í ti ibi iṣẹ́ wá wò mí, á gbá ṣọ́ọ̀bù kó tó jókòó, á pọn omi kún gbogbo ike kó tó padà. Tí mo bá dákẹ́, orúkọ rẹ̀ á wà lẹ́nu wọn, èébú á sì wà lára rẹ̀. Tí mo bá sọ̀rọ̀, èébú á tán, orúkọ á sì bá a lọ. N kò lè jẹ́ kí wọ́n bú u.

Mo ní, "Kò lè wá ni. Ó ti kú kí n tó kó wá síbí."

Ẹlẹ́rọ ata pa ẹ̀rọ. N kò tíì gbọ́ kí ibẹ̀ dákẹ́ rí. Ó gbé ọwọ́ tí ata kún lé orí.

"Háà! Ẹ dárí jì wá, mà. A ò mọ̀ ni, Ọlọ́run ló mọ̀. A ò ní pè yín bẹ́ẹ̀ mọ́ láé."

"A ò ní pè é mọ́," ni oníbúrẹ́dì wí, omi ti lé sójú rẹ̀. "Màmá la ó máa pè yín."

Àánú Ọ̀yọ́ ló tún bá mi dé Ìgàndó yìí. Inú sì bí mi, ó bí mi gan-an.

"Ẹ gbọ́," ni mo wí. "Nílé, wọn ò pè é mọ́. Ohun tó lé mi wá síbí nìyẹn. Tí ẹ̀yin náà ò bá pè é, kò sẹ́ni tó máa pè é mọ́ láyé yìí."

Ẹlẹ́rọ ata ń wolẹ̀. "Ṣùgbọ́n, mà, kò dáa ká máa pariwo orúkọ òkú láàárín títì."

"Òkú kọ́ lẹ ń pè. Èmi lẹ ń pè."

Ẹlẹ́rọ ata fa okùn ẹ̀rọ, ó da ata mi sí i. Mo kọjá sí abẹ́ igi, mo sì fara ti ìdí rẹ̀. Mo ń wò ó láti ọ̀hún. Ata ń bọ́ sínú abọ́. Nígbà tó tán, ó nu etí abọ́, ó bò ó, ó nàró, ó fi ojú wá mi. Ó ya ẹnu, ó tún pa á dé. Mo mọ ìṣe yẹn, mo ti rí i lójú gbogbo ará Ọ̀yọ́. Ó wá gbé abọ́ náà fúnra rẹ̀, ohun tí kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e bọ̀ wá bá mi, kí ó má baà ní láti pè mí.

Ó dé etí títì, ó dúró. Ó wò mí. Ó yí padà, ó gbé abọ́ náà sí ààyè rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó sì pariwo, ohùn rẹ̀ fọ́ láàárín:

"Ìyá Lágbájá! Ẹ wá gbé ata yín o!"

Mo ní, "Mo ń bọ̀," mo sì dìde.