Ẹni Tó Da Òdòdó Sínú Adágún

Ìyá Olódòdó ni gbogbo ilé ìwé ń pe obìnrin tó ń tọ́jú ọgbà wọn. Kò bímọ rí. Òdòdó ló ń tọ́. Bí ewé kan bá rọ, yóò kúnlẹ̀ tì í bí ẹni tó ń bẹ ọmọ kó jẹun. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí olùkọ́ ní kó bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ru korobá lọ sí adágún, kí wọ́n lọ ka èpò àjèjì tó bo omi, ó wá àwáwí. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Olùkọ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé korobá lé e lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, apẹja, ló ń tu ọkọ̀ tó gbé wọn. Òun nìkan ló kù fún un nínú ọmọ ìyá, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sì jọ ń jẹun nídìí tábìlì kan. Ọdún méje ni èpò yìí ti ń fa àwọ̀n rẹ̀ ya, tí ẹja ń kú lábẹ́ rẹ̀. Nídìí tábìlì yẹn ló ti búra pé: "Ẹni tó gbé nǹkan yìí wọ omi, èmi pẹ̀lú ẹ̀ ò ní jọ jẹun láyé." Ìyá Olódòdó ṣe àmín. Kí ni ì bá ṣe?

Òun náà kúkú ni. Ọ̀gá kan tó ń gbálẹ̀ fún nígbà kan ló fún un ní òdòdó elése àlùkò nínú abọ́ omi, nígbà tí ọ̀gá náà ń kó lọ. Òdòdó kún abọ́, ó kún báàfù. Obìnrin yìí kò lè pa ohun tó ń tanná, ló bá dà á sí adágún lẹ́yìnkùlé rẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ju férémù igi sórí omi, wọ́n ń ka èpò tó bọ́ sínú rẹ̀, wọ́n ń fi pẹ́nsù pupa kọ iye rẹ̀ sórí àwòrán adágún. Mẹ́rin. Mọ́kànlá. Wọ́n sún síwájú: ọgbọ̀n. Bí iye ṣe ń pọ̀ sí i ni ọkọ̀ ń sún mọ́ ẹ̀yìnkùlé ẹni tí mò ń wí. Ó rí òkúta tó máa ń jókòó lé fọṣọ. Ó fa ìborùn rẹ̀ bojú. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tirẹ̀ kò tiẹ̀ tó ogún.

"Màmá, ẹ ti fi ìborùn bojú," ni akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wí.

"Òtútù ni."

"Nínú oòrùn yìí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n dé ibi òkúta, èpò ti ki débi pé férémù kò kan omi. Ọmọbìnrin náà tẹjú mọ́ àwòrán rẹ̀.

"Sà, ibí ló ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ta nìyí?"

Àjẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n fi ń tukọ̀ dúró. Ẹ̀gbọ́n wo òkúta, ó wo ojú àbúrò rẹ̀, ó yé e. Ìyá Olódòdó di etí ọkọ̀ mú. Ẹ̀rù kò bà á tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá wọn kú.

"Ilé wa ni," ni ẹ̀gbọ́n wí fún olùkọ́. "Èmi ni mo dà á síbẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ó burú. Ẹ kọ orúkọ mi sílẹ̀."

Olùkọ́ kọ ọ́.

Nírọ̀lẹ́, Ìyá Olódòdó bu oúnjẹ sí àwo méjì, etí rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò mọ̀ bóyá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò wá. Ó wá. Obìnrin náà kúnlẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́..."

"Dìde. Oúnjẹ ń tutù."

Ó fọwọ́, ó gbé àwo tirẹ̀, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé jáde lọ jẹ ẹ́ nínú ọkọ̀.