Màámi, Atẹ̀wé Tó Fi Èrò Àwọn Ọlọ́gbọ́n Ṣèwà Hù

Háà, Màámi! Ṣé ẹ̀yin náà ni mo ń pè láti àárọ̀ tí ẹ ò jẹ́ mi yìí? Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ kí ìbéèrè ṣubú sílẹ̀, ẹ ti lọ, ẹ fi tèmi sílẹ̀ láìdáhùn. Èmi Àbẹ̀kẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí ẹ bí, ni mo dúró níbí láti sọ irú ẹni tí ẹ jẹ́.

Ẹ ò wọ yunifásítì bí akẹ́kọ̀ọ́ rí. Atẹ̀wé ni yín níbẹ̀, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ni ní èrò ìjìnlẹ̀ àwọn òyìnbó. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí àwọn olùkọ́ bá kọ, abẹ́ ìka yín lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ń gbà kọjá, ẹ ò sì jẹ́ kó kọjá lásán. Bí ẹ bá dé sí ilé wa ní Olódò nírọ̀lẹ́, tí a jọ ń bó ẹ̀gúsí, ẹ ó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ sọ ti ọlọ́gbọ́n kan tó ní àwa èèyàn dà bí ẹni tí wọ́n dè mọ́ inú ihò àpáta, tó jẹ́ òjìji ara ògiri nìkan là ń rí, tí a rò pé òun ni ayé. Ẹni tó bá já okùn, tó jáde rí oòrùn, bó bá padà wá ròyìn, wọn á ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ẹ sọ ti ará Faransé tó ń ṣiyèméjì sí ohun gbogbo, títí kan ọwọ́ ara rẹ̀, àfi ìgbà tó rí i pé òun ò lè ṣiyèméjì pé òun ń ronú. Ẹni tó bá sì ń ronú gbọ́dọ̀ wà. Mo bi yín pé, “Màámi, ṣé ó dá yín lójú pé ẹ̀yin wà?”

Ẹ rẹ́rìn-ín. “Bí n ò bá sí, ta ló wá ń bó ẹ̀gúsí látẹ̀ẹ̀kan?”

Ọdún tí yunifásítì fún mi níwèé pé kí n wá wọlé ni ìwé ìfẹ̀yìntì yín dé. Bàámi ti kú nígbà náà. Ìyá Ràfíù, tí ẹ jọ ń tẹ̀wé, wá bá yín nílé. Wọ́n ní, “Ẹ jẹ́ ká lọ kóòtù, kí ẹ búra ọjọ́ orí míì. Ẹ yọ ọdún márùn-ún kúrò, kí ẹ lè máa ṣiṣẹ́ lọ. Ta ni yóò pa lára? Ọmọ yín á kàwé, ẹ̀yin náà á rí jẹ.”

Ẹ ò bá wọn jà. Ẹ ní, “Ọ̀rọ̀ yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Òyìnbó kan tiẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, pé ohun tó bá mú ayọ̀ bá èèyàn púpọ̀ jù lọ ló dára. Ṣùgbọ́n ará Jámánì kan bèèrè ohun tí n ò lè sá fún: bí gbogbo ayé bá ṣe ohun tí mo fẹ́ ṣe yìí ńkọ́? Bí gbogbo wa bá ń búra èké, ta ni yóò tún gba ìbúra gbọ́?”

Ìyá Ràfíù mí kanlẹ̀. “Ará Jámánì yẹn ò ní bá yín tọ́mọ o.”

Mo sunkún. Mo ní ẹ fẹ́ràn òyìnbó tó ti kú jù mí lọ. Ẹ ní, “Àbẹ̀kẹ́, inú ara mi ni mo máa gbé títí n ó fi kú. N ò fẹ́ bá òpùrọ́ gbé.”

Ẹ fẹ̀yìn tì lóòótọ́. Owó ilé ẹ̀kọ́ ò sí; ọdún méjì ni mo fi jókòó sílé, tí a jọ ń ro ẹ̀gẹ́ àti ata lórí ilẹ̀ Bàámi ní Lágelú, tí a ń kó o lọ tà lọ́jà Ṣáṣá, kí n tó wọ yunifásítì. Inú oko yẹn ni ìbínú mi ti rọ̀, tí ìyanu gba ipò rẹ̀. Mo rí ọ̀pọ̀ tó mọ èrò wọ̀nyẹn lórí. Ẹ̀yin nìkan ni mo rí tó san ohun tí wọ́n ń béèrè.

Nígbà tí àìsàn dá yín wólẹ̀, mo bi yín bóyá ẹ kábàámọ̀. “Nígbà míì,” lẹ wí, “tí mo bá rántí bí ọwọ́ rẹ ṣe le nídìí ọkọ́ nígbà náà.” Ẹ wá sọ ti bàbá ará Gíríìsì kan tí wọ́n dájọ́ májèlé fún, tó ní ọ̀kan nínú méjì ni ikú: bí kì í bá ṣe oorun tí kò lálàá, a jẹ́ pé ìrìn àjò sọ́dọ̀ àwọn tó ti lọ ni. Ẹ ní, “Aládùúrà ni mí, mo mọ èyí tí mo gbà gbọ́. Ṣùgbọ́n nínú méjèèjì, èwo ló yẹ kó bà mí lẹ́rù?”

Màámi, bó bá jẹ́ ìrìn àjò ni, kí ẹ bá Bàámi nílé. Bó bá sì jẹ́ oorun, iṣẹ́ ti tó. Ẹ gbé ọwọ́ kúrò lórí ìwé, kí ẹ sùn re o.