Fóònù Mẹ́ta Tí Aili Kangas Dá Lẹ́bi

Kò sí fóònù tó dé ọwọ́ Aili Kangas tí kò kàn án lábùkù. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni, òun nìkan ló ń gbé nínú ilé onígi kan tó kọjú sí adágún ní Thunder Bay, ìlú olótùútù kan ní Kánádà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, láyé ìgbà tó jẹ́ pé èèyàn ló ń fi ọwọ́ so ìpè kan mọ́ òmíràn. Níbẹ̀ ló ti gbọ́ irọ́ ọkọ sí ìyàwó, irọ́ ìyàwó sí ọkọ, àti irọ́ àlùfáà sí bíṣọ́ọ̀bù. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún un pé ọjà òun dára, yóò kọ́kọ́ wo onítọ̀hún láti òkè délẹ̀.

Ìyẹn ló gbé e dé ìdí iṣẹ́ tó ń ṣe. Àwọn ilé-iṣẹ́ á fi fóònù tuntun ránṣẹ́ sí i, á lò ó fún ọjọ́ mẹ́rìnlá gbáko, á dá a padà, á wá kọ ohun tójú ẹ̀ rí sínú ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ ìlú náà, pẹ̀lú máàkì lórí mẹ́wàá. Kò fún èyíkéyìí ní mẹ́jọ rí. Ó ní ẹni tó bá fún fóònù ní mẹ́jọ, kó kúkú fẹ́ ẹ.

Bó ṣe ń dán wọn wò, òun nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá di oṣù kìíní, tí òtútù bá ti ń gé èèyàn létí, á dúró ní ibùdó bọ́ọ̀sì, á fi ìbọ̀wọ́ onírun tẹ̀ ẹ́. Èyí tí kò bá dáhùn, ó ti bá tirẹ̀ jẹ́ nìyẹn. Á gbé e sórí bẹ́ǹṣì sáúnà, yàrá ìwẹ̀ olóoru tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, kí oru gbígbóná lù ú bó ṣe ń lu gbogbo ará ilé. Á sọ ọ́ sísàlẹ̀ àpò, láàárín kọ́kọ́rọ́ àti ìṣánà, á gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, á sì ní kí Linnea, ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, pe òun láàárín ìwàásù, kóun lè mọ̀ bóyá ó ń dún jáde. Pásítọ̀ bẹ̀ ẹ́ bẹ̀ ẹ́, ó sú u, ó ń dúró de ìpè náà báyìí kó tó wọ kókó kẹta.

Lóṣù kọkànlá ọdọọdún, á pa fóònù tì, á kọ̀wé nípa géèmù: èyí tí àgbàlagbà lè rà fún ọmọ-ọmọ wọn fún Kérésì tí wọn ò ní di ẹni ẹ̀sín. Kò sí ìyá àgbà kan nílùú yẹn tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù géèmù láìmú ìwé Aili dání. Kì í sì í dárúkọ èyí tí kò bá tíì fọwọ́ ara rẹ̀ gbá. Òun àti Linnea ni wọ́n jọ máa ń jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n á máa fi ọkọ̀ sáré lé ara wọn. Linnea jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, òpópónà kejì ni ilé wọn, kì í sì í ṣojú àánú. Lọ́dún tó kọjá, ìgbà mẹ́rìndínlógójì ló na ìyá àgbà rẹ̀, ó sì ń kà á sí i létí.

Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún yìí, fóònù kan dé tí àrùn ń ṣe. Aili tẹ lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀kan, ó jáde lẹ́ẹ̀mejì. Ó fẹ́ pe oníṣègùn eyín, ó pe panápaná. Ọkọ̀ méjì ni wọ́n gbé dé, wọ́n sì fẹ́ mọ ibi tí iná wà. Ó fún fóònù náà ní mẹ́rin. Èyí tó tẹ̀ lé e, àrùn kan náà ni. Mẹ́ta. Ẹ̀kẹta wá burú ju àwọn méjèèjì lọ. Aili jókòó, ó kọ ọ́ pé: “Àwọn tó ń ṣe fóònù ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe gíláàsì ojú rẹ̀. Mo tẹ lẹ́tà kan, ó fún mi ní méjì, bí ẹni pé mo tọrọ ènì. Ẹ má rà á o. Ẹni tó bá ti rà á, kó lọ dá a padà.” Méjì lórí mẹ́wàá.

Orest Petryk, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ń yọ̀ ṣìnkìn. Àwọn òǹkàwé ń kọ̀wé wọlé pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tàwọn náà ń ṣe, pàápàá àwọn tó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún.

“Màmá Kangas, ẹ̀ ń gbóná sí i o,” ló wí lórí fóònù.

“Àwọn ni wọ́n ń burú sí i.”

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kọkànlá, lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹnì kan kanlẹ̀kùn. Harjot Bhullar ni, ọ̀dọ́kùnrin tó ń ta fóònù nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfọṣọ. Ó gbé páálí kan mọ́yà. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọn yìnyín kúrò lára aṣọ rẹ̀. Aili gbé kọfí àti pulla síwájú rẹ̀, búrẹ́dì aládùn tó yan láàárọ̀ àná.

“Màmá, ẹ má bínú o. Èmi ò wá jà.”

“Ẹni tó bá fẹ́ jà kì í bọ́ bàtà. Jókòó.”

Harjot ṣí páálí náà. Fóònù mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn sì jẹ́ ẹ̀kẹta yẹn, èyí tí Aili fún ní méjì.

“Àwọn tó rà á ló dá a padà. Wọ́n mú ìwé yín dání wá. Bàbá kan tiẹ̀ gé e lẹ̀ mọ́ páálí tirẹ̀, kó má bàa di pé mò ń bá a jiyàn. Màmá, mo yẹ gbogbo wọn wò. Mi ò rí nǹkan tó ṣe wọ́n.”

“Ojú ẹ ni ò ríran.”

“Ó lè jẹ́ ojú mi o. Ṣùgbọ́n tí mo bá kó mọ́kànlá padà fún ilé-iṣẹ́ ṣáájú Kérésì, wọ́n á ní ọ̀dọ̀ mi ni ọjà ti ń bàjẹ́, wọn ò sì ní gbé ọjà fún mi mọ́. Mo máa ti ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Tó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́.”

Ó mú ọ̀kan, ó tẹ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ó jáde geerege. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí òmíràn, àti òmíràn, títí ó fi tẹ mọ́kànlá tán. Aili gba ti ọwọ́ rẹ̀, òun náà tẹ orúkọ tirẹ̀. Ohun tó jáde ni: Aaili Kkanngas.

“O ò rí i!” Inú Aili dùn, àfi bí ẹni tó mú olè. “Ojú ń tì í lọ́dọ̀ rẹ ni. Ilé-iṣẹ́ ti kọ́ ọ pé kó máa hùwà dáadáa lójú ẹni tó ń tà á.”

Harjot kò wo fóònù náà. Àtàǹpàkò Aili ló ń wò. Ó wò ó díẹ̀, ó gbé ojú kúrò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo kọfí rẹ̀.

“Ó ṣeé ṣe o, Màmá,” ló wí. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kó jẹ́ kóun fi ọ̀kan sílẹ̀ fún un di ọ̀la, ó gbé páálí rẹ̀, ó wọ bàtà, ó lọ. Ó jẹ pulla kù.

Aili jókòó ti àwo náà. Láti ọjọ́ tó ti ń gbé pulla síwájú àlejò, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́ kù rí. Nǹkan kan wà tí ọmọkùnrin yẹn rí tí kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Aili mú fóònù tí Harjot fi sílẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́, ó fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, ó wá gbé e sínú dúrọ́ọ̀ láàárín àwọn ṣíbí, ó pa á dé mọ́ ọn.

Linnea dé láti ilé ìwé, ó sọ báàgì sílẹ̀, ó sì tan tẹlifíṣọ̀n. Ọjọ́ Ẹtì ni ìwé géèmù gbọ́dọ̀ jáde, ó sì ku mẹ́rin tí wọn ò tíì gbá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Aili borí. Wọ́n tún un gbá, ó tún borí. Ọkọ̀ rẹ̀ ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ kiri ojú ọ̀nà bí ewúrẹ́ tó mutí, ó ń wọ inú igbó, ó ń jáde, síbẹ̀ òun ló ń kọ́kọ́ dé òpin, nítorí pé ọkọ̀ Linnea kì í pẹ́ lọ há sára ògiri. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹsàn-án, Aili gbé páàdì tó fi ń gbá géèmù sílẹ̀.

“Linnea.”

“Màmá àgbà?”

“Láti ìgbà wo lo ti ń jẹ́ kí n máa borí?”

Ojú ọmọ náà ò kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. “Ẹ kàn ń ṣe dáadáa ni.”

“Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbọ́ irọ́. Èyí ò tiẹ̀ ní iyọ̀.”

Linnea gbé páàdì tirẹ̀ náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, “Láti oṣù kẹjọ.”

“Kí ló dé?”

“Ọwọ́ yín ni. Ó ń gbọ̀n. Àtàǹpàkò yín ń tẹ nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò pé ẹ mọ̀.”

“Ta ló tún mọ̀?”

“Mọ́mì. Dádì. Pásítọ̀.” Ó tún rò ó. “Awakọ̀ bọ́ọ̀sì.”

“Gbogbo ìlú mọ̀, ẹ wá ń wò mí níran kí n máa bú gíláàsì!”

“Mọ́mì ló ní ká má sọ. Wọ́n ní tẹ́ ẹ bá mọ̀, ẹ ò ní kọ̀wé mọ́. Wọ́n ní ìwé yẹn ló ń gbé yín dìde lórí bẹ́ẹ̀dì.”

Ó dun Aili dé egungun. Ti ọwọ́ dùn ún, ṣùgbọ́n pé wọ́n ń ṣe é jẹ́jẹ́ bí ẹyin láti oṣù kẹjọ ló dùn ún jù. Ó dìde, ó pe Orest, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Orest kò pẹ́ rárá kó tó rí ọ̀nà àbáyọ. “Ìyẹn ò le, Màmá Kangas. A ó kọ ọ́ pé ilé-iṣẹ́ ti tún un ṣe. Harjot á ta ọjà rẹ̀, ẹ̀yin náà á máa kọ̀wé yín lọ.”

“Ṣé wọ́n tún un ṣe?”

“Kí ni wọ́n fẹ́ tún ṣe? Nǹkan kan ò ṣe é.”

“Irọ́ nìyẹn nígbà náà.”

“Màmá, ẹ jẹ́ ká sọ òdodo ọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ pé ọwọ́ yín ni, ta ló tún máa gba ìdájọ́ yín gbọ́ nílùú yìí?”

Wọ́n ní òótọ́ dọ́jà ó kùtà, Orest sì ti pẹ́ lọ́jà. Nǹkan kan ṣoṣo tí Aili ní láyé yìí náà nìyẹn: pé tóun bá ti sọ̀rọ̀, àwọn èèyàn á gbà á. Tó bá sọ òótọ́, ó lè má ní in mọ́. Tí kò bá sì sọ ọ́, irọ́ ni yóò máa fi dì í mú. Ó ní kí Orest fi ojú ìwé òun sílẹ̀ fún òun, ó sì pa fóònù.

Ó lọ mú fóònù Harjot jáde láàárín àwọn ṣíbí, ó gbé e fún Linnea. “Èyí ni kó o fi kọ ọ́. Bí mo bá ṣe wí i ni kó o ṣe kọ ọ́, má tún un ṣe.”

Linnea jókòó síwájú rẹ̀.

“‘Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo dá fóònù mẹ́ta lẹ́bi, wọn ò sì ṣẹ̀ mí. Ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n. Mi ò mọ̀. Tàbí kẹ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó rọ̀ mí lọ́rùn kí n máa bínú sí gíláàsì.’ Ṣé o ti kọ ọ́?”

“Mo ti kọ ọ́.”

“‘Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá tiyín padà, ẹ lọ gbà á lọ́wọ́ Harjot Bhullar, kẹ́ ẹ sì bẹ̀ ẹ́. Èmi ti bẹ̀ ẹ́ ní tèmi.’”

“Ẹ ò tíì bẹ̀ ẹ́.”

“Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, màá ti bẹ̀ ẹ́. Máa kọ ọ́ lọ. ‘Máàkì fóònù náà ti di mẹ́fà.’”

“Mẹ́fà péré? Lẹ́yìn gbogbo èyí?”

“Ó máa ń yọ̀ lọ́wọ́.”

Linnea kọ mẹ́fà.

“‘Ní ti géèmù Kérésì, ọmọ-ọmọ mi ló gbá wọn dáadáa lọ́dún yìí, ọkọ̀ tèmi kàn ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ ni. Ẹ ra èyí tí ẹ̀yin àti ọmọ lè jọ jókòó gbá. Tẹ́ ẹ bá gbé e délé, kí ọmọ náà nà yín bó ṣe yẹ kó nà yín. Bó bá ń jẹ́ kẹ́ ẹ borí, ẹ bi í léèrè ohun tó rí lára yín.’”

Linnea kò tẹ nǹkan kan mọ́. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń já sórí gíláàsì.

“Nu fóònù ọlọ́jà,” ni Aili wí. “A ò tíì rà á.”

Linnea fi apá aṣọ nù ún, ó fọn imú. “Ṣó ti parí?”

Aili wo ọwọ́ òsì rẹ̀ lórí tábìlì. Ó gbé ti ọ̀tún lé e kó lè dúró jẹ́ẹ́, ni àwọn méjèèjì bá jọ ń gbọ̀n.

“Ẹ̀rù ń bà mí, Linnea.”

“Ṣé kí n kọ ìyẹn náà sí i?”

Aili nawọ́ sí fóònù náà.

“Kọ ọ́.”