Alamein Méjì ní Àfonífojì Kan

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ẹ̀gbọ́n mi Alamein lórúkọ, ibojì ni ìyá àgbà wò.

Ibojì náà kò sí ní Aotearoa, ilẹ̀ àwa Maori, níhìn-ín. Inú iyanrìn ilẹ̀ Íjíbítì ló wà, níbi tí wọ́n ń pè ní Alamein. Ibẹ̀ ni Eruera, àbíkẹ́yìn ìyá àgbà wa, Ripeka Moeke, kú sí nígbà ogun Hítílà. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni. Òfin ní ẹni tí kò bá tíì pé mọ́kànlélógún kò gbọdọ̀ sọdá òkun lọ jagun, ṣùgbọ́n nígbà tí Eruera dé iwájú àwọn tó ń kó ọmọ ogun Maori jọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Rawiri Tipoki dúró tì í. Rawiri ní, "Ẹgbẹ́ mi ni. Ọdún kan náà ni wọ́n bí wa." Àwọn méjèèjì jọ wọkọ̀ ojú omi lọ. Rawiri nìkan ló padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò sì ṣe é tẹ̀ dáadáa mọ́.

Ọdún kan lẹ́yìn tó dé, ìyàwó rẹ̀ bí ọkùnrin. Rawiri sọ ọmọ náà ní Alamein. Ìròyìn gun òkè lọ bá Ripeka níbi tó ti ń wa ànàmọ́ nínú oko rẹ̀. Ó ju ọkọ́ sílẹ̀.

"Ta ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀? Rawiri? Rawiri tó mú ọmọ mi lọ pa! Ó wá gba ibi tí ọmọ mi sùn sí, ó fi kọ́ ọmọ tirẹ̀ lọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀?"

Oṣù yẹn náà ni ìyàwó ọmọ rẹ̀ àgbà bí obìnrin. Ìyá ọmọ ti ní Ngahuia lọ́kàn, orúkọ tó dùn létí. Ripeka kò fẹ́ẹ́ gbọ́. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

"Alamein nìyí. Àwa la ni orúkọ."

Ọmọ rẹ̀ ní, "Màmá, obìnrin mà ni."

"Ṣé ikú béèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin kó tó kanlẹ̀kùn mi?"

Bí orúkọ náà ṣe wọ àfonífojì Mangarara nìyẹn. Ní etíkun tiwa yìí, ọ̀pọ̀ ìlú ló sọ ọmọ lórúkọ ibi tí àwọn ọmọkùnrin wọn ṣubú sí lójú ogun, ọkùnrin ì báà jẹ́, obìnrin ì báà jẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ ibòmíràn tí wọ́n ti fi jà bíi tiwa.

Nílé ẹ̀kọ́, a pe ẹ̀gbọ́n mi ní Alamein Òkè, nítorí orí òkè ni ilé Moeke wà. Ọmọ Rawiri sì di Alamein Odò. Tíṣà á pe Alamein, àwọn méjèèjì á dìde. Ripeka ti kìlọ̀ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀: "Bó bá fi lè dáhùn kó o tó dáhùn, o ti fi Eruera tọrẹ nìyẹn." Nítorí náà, ọmọ yẹn kì í gbádùn ìjókòó, etí rẹ̀ máa ń nà ni ṣáá bíi ti ajá ọdẹ. Lọ́jọ́ kan, ó dá Alamein Odò dúró lójú ọ̀nà.

"Kí ló dé tó o fi ń jẹ́ orúkọ mi?"

"Bàbá mi ló fún mi! Ìwọ gan-an lò ń jẹ́ orúkọ ọkùnrin, akọ ewúrẹ́!"

Ẹ̀gbọ́n mi gbá a lẹ́nu. Eyín kan bọ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ilé méjèèjì kì í kí ara wọn mọ́, kódà níbi òkú.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni pé ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ kò mọ bí Eruera ṣe kú. Kò sí ẹni tó ń sọ ọ́ nílé. Wọ́n á mú un dúró níwájú àwòrán ọmọkùnrin tó wọ fìlà ológun, wọ́n á ní, "Ìwọ la fi rọ́pò rẹ̀." Ó di ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kó tó rí àyè béèrè, níwájú gbogbo ìlú sì ni.

Oṣù kẹrin ọdún ni, ọjọ́ ìrántí àwọn tó kú sójú ogun. Gbogbo wa jókòó síwájú ilé ìpàdé ìdílé, àwa níhìn-ín, àwọn Tipoki lọ́hùn-ún, àlàfo koríko wà láàárín. Lọ́dọọdún, ọ̀gágun àtijọ́ kan ló máa ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ti kú, ọ̀rọ̀ sì kan Rawiri. Kò sọ̀rọ̀ ogun rí láti ìgbà tó ti dé. Ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde.

Kó tó la ẹnu, Ripeka dìde pẹ̀lú aṣọ dúdú àti ewé ọ̀fọ̀ lórí. Ó kẹ́yìn sí i.

Ní tiwa, bí ìyá àgbà bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ ní gbàgede, ọ̀rọ̀ rẹ kú nìyẹn. Àga bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àwọn ọmọ Tipoki ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, Alamein Odò wà níwájú wọn, ó di ẹ̀ṣẹ́. Àwọn ọkùnrin ilé tiwa náà bọ́ kóòtù sílẹ̀.

Ripeka kò bojú wẹ̀yìn. Ó ní, "Alamein, gbé orin."

Orin ni yóò bo ọ̀rọ̀ Rawiri mọ́lẹ̀ pátápátá. Ẹ̀gbọ́n mi dìde. Mo rí i tó mí kanlẹ̀, ṣùgbọ́n orin kọ́ ló jáde.

"Bàbá Rawiri, báwo ni Eruera ṣe kú?"

"Alamein!"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá àgbà. Mo ti ń jẹ́ orúkọ yìí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Mi ò mọ ohun tí mò ń jẹ́."

Rawiri di ọ̀pá rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Èmi ni mo parọ́ ọjọ́ orí rẹ̀," ló wí. "Ó ní bí n kò bá ṣe é, òun á wá ẹlòmíràn. Síbẹ̀, ó yẹ kí n kọ̀. Nígbà tá a dé ọ̀hún, ọkọ̀ wa tẹ ohun abúgbàù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Irin há mi lẹ́sẹ̀. Eruera ti bọ́ sílẹ̀ ní tirẹ̀, kò fara pa. Wọ́n ń pariwo pé kó sá. Ó padà wá fà mí. Ó ti fà mí yọ tán kí ìbọn tó bà á."

"Ṣé ó pẹ́ kó tó kú?"

Ripeka ló béèrè, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì kọ sí i. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá ọkùnrin yẹn sọ láti ìgbà ogun nìyẹn. Rawiri ì bá ti fi àánú parọ́, gbogbo wa ì bá sì gbà á.

"Ó pẹ́, Màmá. Oòrùn ti mú gan-an kó tó dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹṣin rẹ̀ tó fi sílẹ̀ nílé ló ń sọ ṣáá. Ó ní kí ẹ má tà á."



"Mo ti tà á," ni ìyá àgbà wí, ohùn rẹ̀ sì kéré bíi ti ọmọdé. Ó tún ní, "Kí ló dé tó ò wá sọ fún mi?"

"Mo wá. Mo dé ẹnu géètì yín. Mo gbọ́ ẹkún yín nínú ilé, mo padà."

"O wá lọ sọ ọmọ rẹ bẹ́ẹ̀."

"Ibẹ̀ la sin ín sí, Màmá. Mo ní bí mo bá ń pe ibẹ̀ lójoojúmọ́, ẹnì kan á ṣì máa pè é wálé."

Nígbà náà ni Ripeka yí padà. Ojú rẹ̀ kò rọ̀ rárá.

"O mú ọkùnrin kan kúrò nílé mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Mú ọ̀kan padà." Ó nawọ́ sí Alamein Odò.

Láyé àtijọ́, ìgbéyàwó ni wọ́n fi ń parí irú ìjà bẹ́ẹ̀, nítorí náà gbogbo ènìyàn yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi.

"Èmi kọ́!" ló ké. "Màmá àgbà, mi ò fẹ́ ẹ! Ẹni tí mo gbá léyín yọ?"

Ẹ̀rín bú lápá kan, ó sì kú.

Ripeka ní, "Ta ló ń sọ̀rọ̀ ọkọ níbí? Òrùlé mi ń jò. Igi ìdáná mi ti tán."

Rawiri wo ọmọ rẹ̀. "Mo ti fẹnu mi sọ̀rọ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ rí," ló wí. "Mi ò ní ṣe é mọ́. Ìwọ ni kó o dáhùn."

Ọmọkùnrin yẹn ti gbaṣẹ́ sílùú ńlá, gbogbo wa ló mọ̀. Mo rò pé yóò gba géètì jáde ni. Ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ ṣì dì. Lẹ́yìn náà, ó rìn gba orí koríko àárín yẹn, tí ẹnikẹ́ni kì í gbà kọjá nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ń lọ lọ́wọ́, ó sì dúró síwájú ìyá àgbà. Ripeka fa orí rẹ̀ wálẹ̀, ó fi imú kan imú rẹ̀ bí àwa Maori ṣe ń kí ara wa, kò sì tètè fi í sílẹ̀.

Ilé wa ni ọmọkùnrin náà gbé títí Ripeka fi kú. Bí ìyá àgbà bá pe "Alamein!", àwọn méjèèjì á dáhùn, ìyá á ní, "Èyí tó bá sún mọ́ omi nínú yín ni kó bù ú wá." Wọn kò fẹ́ ara wọn láéláé. Ọkùnrin náà gbé ọmọ ìlú Tolaga níyàwó, ẹ̀gbọ́n mi ló sì gbẹ̀bí fún ìyàwó náà.

Ẹ̀gbọ́n mi ti di nọ́ọ̀sì nígbà náà. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn, ilé àwọn ọkùnrin ni wọ́n ti tẹ́ ibùsùn sílẹ̀ fún un, torí orúkọ rẹ̀ mú kí wọ́n rò pé ọkùnrin ni. Ṣùgbọ́n ó gbẹ̀bí títí débi pé àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ rẹ̀ sọ ọmọbìnrin wọn, tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí fi rò pé orúkọ obìnrin ni. Ọmọ tó bá jẹ́ ọkùnrin tó ń jẹ́ ẹ, wọ́n á fi ṣẹ̀fẹ̀ fún un.

Lọ́dún tó kọjá, ìyá ọ̀dọ́ kan gbé ọmọkùnrin rẹ̀ wá bá ẹ̀gbọ́n mi láti ìlú Sídínì. Alamein lòun náà ń jẹ́.

"Ó kàn dùn létí wa ni," ni ìyá náà wí. "A rò pé orúkọ òdòdó ni."

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó. Ọkàn mi kò balẹ̀, nítorí mo mọ ọwọ́ rẹ̀. Ó ní kó jókòó, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láìyọ ẹṣin náà sílẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn sunkún. Ó ní ṣé kí àwọn pa orúkọ náà dà.

"Kí ẹ pa á dà sí kí ni?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Ó pe ọmọ náà lórúkọ, ọmọ sì yíjú sí i. "Ṣé o ò rí i pé ó ti ń jẹ́ ẹ?"