Ọ̀já Àlàmú

Bí ẹ bá dé ọjà Kaneshie, tí ẹ béèrè Ìdíátù ọlọ́ṣẹ, wọ́n á ní kí ẹ máa tẹ̀lé ẹ̀rín. Á bá oníbàárà ṣẹ̀fẹ̀ títí onítọ̀hún á fi gbàgbé ohun tó wá rà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà ọyẹ́ ni ọ̀já kan ti ń gbé inú báàgì rẹ̀, tí kò rí ọmọ gbá mọ́ra. Á fọ̀ ọ́, á sá a, á ká a padà.

Àlàmú ló ni ọ̀já, ọmọọmọ rẹ̀, tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló bàjẹ́, wọ́n gbé e lọ sí Íńdíà, wọ́n gé díẹ̀ lára ẹ̀dọ̀ Ràfíátù ìyá rẹ̀ sí i nínú. Oògùn tó ń lò kí ara rẹ̀ má baà kọ ẹ̀dọ̀ àlejò yìí, òun náà ló sọ àwọn ẹ̀ṣọ́ ara rẹ̀ di ọ̀lẹ. Ọ̀fìnkìn tí ọmọ ẹlòmíràn ń fi ṣeré, òun ló gbé Àlàmú dé ọsibítù nígbà ọyẹ́, tí wọ́n ń fi rọ́bà fún un ní atẹ́gùn. Dókítà ní kí èrò ọjà jìnnà sí i. Láti ìgbà náà, ojú fèrèsé ni ìyá àgbà ti ń kí i nílé wọn ní Kokomlemle.

Ìgbà tó yá, dókítà yọ̀ǹda. Wọ́n dá ọjọ́ Jímọ̀, kí Ìdíátù wá pọ̀n ọ́n.

Àárọ̀ Jímọ̀ náà ni ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ó sín, ó tún sín.

“Ata ni,” Ẹ̀bùn aláta tí ìsọ̀ wọn jọ kángun síra wí. “Èmi ń ku ata, ẹ̀yin lẹ ń sín. Ẹ máa lọ pọ̀n ọmọ yín, Ìyá Ràfíátù.”

“O ti ń ku ata látọjọ́ yìí, ṣé mo sín rí?”

“Ẹ wá fẹ́ kó jẹ́ kí ni?”

Ìdíátù gbé báàgì rẹ̀, ó lọ wọkọ̀. Nínú ọkọ̀ trotro, ó gbà pé ata ni. Ó gbà bẹ́ẹ̀ títí tí Ràfíátù fi ṣílẹ̀kùn.

“Màmá, ẹ wá fọwọ́ kẹ́ ẹ gbé e. Ó ti ń retí yín.”

Ẹsẹ̀ ọmọ ló ń sáré bọ̀ yẹn. Ẹ̀yìn ń ro Ìdíátù bí ọmú tó kún.

“Tilẹ̀kùn,” ó wí.

“Kí ló dé?”

“Imú mi ò dá. Mo kàn fẹ́ kó jẹ́ ata ni.” Ó fi ọ̀já kọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn. “Fọ̀ ọ́ kí o tó fi pọ̀n ọ́n.”

Ó yí lọ sójú fèrèsé. Àlàmú ti gun àga, ó ń wò ó láti inú gíláàsì. Ìdíátù kọ ẹ̀yìn sí i, ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni fẹ́ pọnmọ. Ọmọ na ọwọ́ méjèèjì, ó fi àyà lé gíláàsì.

Ó pẹ́ kí ìyá àgbà tó nàró.