Ògá Táńkì Kọ́ Ìṣirò Ọmọ Rẹ̀

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Ògá Táńkì ti fi ń ṣọ́ omi. Ilé-iṣẹ́ tó ń pín omi ẹ̀rọ fún ìlú ló ń bá ṣiṣẹ́. Láàárọ̀ kùtù ni yóò gun àtẹ̀gùn irin lọ sókè táńkì, yóò bu omi sínú ìgò kékeré, yóò wọn bí oògùn apakòkòrò inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé. Agogo méjì ọ̀sán ló máa ń ṣíwọ́. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé tó ń padà sí. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí sì wà ní yunifásítì lọ́nà jíjìn, níbi tó ti ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. "Ìyá mi" ló máa ń pe ọmọ náà, nítorí ó jọ ìyá tó bí òun, àfi bí ẹni pé ìyá náà ló tún padà wá.

Ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í gùn.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, sà."

"Ẹ̀kọ́ ńkọ́?"

"Ó ń lọ, sà."

Lẹ́yìn èyí, oníkálukú á máa gbọ́ èémí ẹnì kejì. Lọ́jọ́ kan, kí ìdákẹ́jẹ́ náà má baà pọ̀ jù, ó bi í pé kí ni wọ́n ń kọ́ wọn gan-an. Ọmọ ní, "Dìfẹrẹ́ńṣíà ìkúéṣọ̀n ni, bàbá. Ìṣirò kan ni. Kò lè yé yín."

Kì í ṣe pé ọmọ náà rí i fín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ akínyẹmí ara. Ó ní kó tún orúkọ ìṣirò náà pè, ó sì kọ ọ́ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà bó ṣe dún sí i létí. Lọ́kàn rẹ̀, bí òun bá mọ ohun tí ọmọ òun ń kọ́, ọ̀rọ̀ á wà tí àwọn méjèèjì á jọ máa sọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó wá a lórí fóònù. Fídíò ìkọ́ni tó rí kò lóǹkà. Ó mú ti olùkọ́ obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ há díẹ̀, tí kì í fojú hàn. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan lèèyàn ń rí, tó ń fi bírò kọ nǹkan sórí bébà. Ògá Táńkì wo ẹ̀kọ́ kìíní látòkèdélẹ̀, kò gbọ́ ju "ẹ káàbọ̀" àti "ó dàbọ̀" lọ. Olùkọ́ ní ẹni tí kò bá mọ ẹ̀kọ́ báyìí, kó kọ́kọ́ lọ wo fídíò báyìí. Ó lọ wò ó, ìyẹn náà tún rán an sẹ́yìn. Bó ṣe ń padà sẹ́yìn nìyẹn, títí ó fi bá ara rẹ̀ nídìí ìṣirò àwọn ọmọ ọdún méjìlá. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Oṣù mẹ́sàn-án ló fi ṣe é. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á wẹ̀, á gbé fóònù ti ife lórí tábìlì, á ṣí ìwé rẹ̀. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá olùkọ́ náà lóhùn. Bí ìyẹn bá ní, "Ṣé ó yé yín?", á ní, "Rárá, mà. Ẹ tún un sọ," á sì fi ìka fa fídíò padà. Lọ́jọ́ mìíràn, gbólóhùn yẹn nìkan ló máa jáde lẹ́nu rẹ̀ látìgbà tó bá ti wọlé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá kí i lọ́jọ́ kan, ó sì bá a níbẹ̀.

"Àbúrò mi, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Olùkọ́ mi ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ṣé ó ń gbọ́ ọ?"

"Kò gbọ́ mi."

"Fẹ́ ìyàwó," ni obìnrin náà wí. "Bí kò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ ọ, á ṣáà dá ọ lóhùn."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀gbọ́n lọ tán, kò lè padà sídìí ìwé mọ́ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ìṣirò náà yé e tán, ohun tó ń sọ kò le. Nǹkan ń yí padà. O mọ bó ṣe ń yára tó, o sì fẹ́ mọ ibi tó máa dé. Oògùn inú omi gan-an bẹ́ẹ̀ ni: bó bá pọ̀, wéré ni á máa dín kù, bó bá ti kéré, díndínkù rẹ̀ náà á máa falẹ̀. Látọjọ́ yìí ló ti ń kọ nọ́ńbà wọ̀nyẹn sílẹ̀ láìmọ̀ pé okùn kan so wọ́n pọ̀.

Ní Ọjọ́rú kan, wọ́n ti páìpù táńkì kejì pa fún àtúnṣe, omi inú rẹ̀ sì dúró sójú kan. Ní agogo mẹ́fà àárọ̀, ó wọn oògùn inú rẹ̀: 0.80. Ní agogo mẹ́jọ: 0.64. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó gbé ìwé lé orúnkún, ó ṣe ìṣirò ohun tó yẹ kó kù ní agogo méjìlá. Ó jáde sí 0.41. Ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó ń retí. Nígbà tí àkókò tó, ó bu omi, ó sì wọ̀n ọ́n. 0.41 ló wà lójú ẹ̀rọ.

Oníná ilé-iṣẹ́ wọn, tó ń tún wáyà ṣe nísàlẹ̀, gbójú sókè.

"Ògá Táńkì, kí lẹ rí níbẹ̀ yẹn tẹ́ ẹ fi ń rẹ́rìn-ín?"

"Omi ni."

"Omi tẹ́ ẹ ti ń rí látọjọ́ yìí náà?"

"Òun náà ni."

Ó ń ka ọjọ́ títí Ọjọ́ Ìsinmi fi pé. Bí ọmọ ṣe gbé fóònù, kò tiẹ̀ béèrè oúnjẹ.

"Ìyá mi, ìṣirò tó o ní kò lè yé mi, ó ti yé mi."

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún un láti orí dé ìdí.

"Bàbá," ni ọmọ wí nígbà tó sọ ọ́ tán, "mo ti fi yunifásítì sílẹ̀. Ó ti lé lọ́dún kan. Ìṣirò yẹn gan-an ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe é, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fìdí rẹmi."

Ó ní òun ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe awò ojú. Ó ní òun ò mọ bí òun ṣe máa sọ ọ́ ni.

Ìbínú kọ́ ló kọ́kọ́ dé sí Ògá Táńkì. Ohun tó ń rò ni pé ọmọ náà ti ń dá gbé ẹrù rẹ̀ láti ọjọ́ yìí, òun náà ń dá gbé tòun, àwọn méjèèjì sì ń fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ bo ara wọn lẹ́nu.

"Ibo ló ti há fún ọ?" ló bi í.

"Sà?"

"Nínú ìṣirò náà."

"Ibi tí wọ́n ti ní ká ya apá méjèèjì sọ́tọ̀."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lèmi náà lò níbẹ̀."

Ọmọ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Ó ní òun á padà pè. Kò pè lọ́jọ́ náà, kò sì pè ní Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, bàbá rẹ̀ gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, ó sì fi wákàtí mẹ́fà jókòó nínú bọ́ọ̀sì. Ó béèrè ọ̀nà títí ó fi bá ọmọ nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan, nínú aṣọ funfun, níbi tó ti ń nu awò. Wọn ò sọ̀rọ̀ ìṣirò. Ọmọ gbé àga fún un, ó ní kó máa ka lẹ́tà ara ògiri. Ìlà kẹta ló ti dúró.

"Ẹ ò ríran dáadáa, bàbá. Báwo lẹ ṣe ń ka nọ́ńbà?"

"Mo máa ń sún mọ́ ọn ni."

Ọmọ fúnra rẹ̀ gé awò méjèèjì, ó fi wọ̀ ọ́, ó rọra tún un tò sẹ́yìn etí rẹ̀. Iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Bàbá rẹ̀ rí ìyẹn. Ọmọ sìn ín dé ìdíkọ̀ ní ọjọ́ kejì. Nínú bọ́ọ̀sì, Ògá Táńkì ṣí fídíò ẹ̀kọ́ tó kàn. Kò mọ ẹni tí òun ń tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ mọ́, ṣùgbọ́n ó wò ó dópin.

Ìrọ̀lẹ́ ló wọlé. Ó rí ibi tí ọ̀dà ògiri ti ń bó, ó rí eruku tó ti dì sójú fèrèsé, ohun tí kò rí láti bí ọdún mélòó kan. Kò sí ẹni tó máa sọ fún un bóyá awò náà yẹ ẹ́. Ó bu omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó wá àkísà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu fèrèsé.