Ọjọ́ Tí Mọ́tò Jàpáàn Dá Adétóyè

Lọ́jọ́ tí Abdulwasiu gba òmìnira nídìí iṣẹ́ mẹkáníìkì, ọ̀gá rẹ̀ ṣàdúrà fún un, ó fún un ní sípánà, èrò sì jẹ ìrẹsì títí bọ́tìnì fi ń já. Ibẹ̀ ni Adétóyè, tí àwọn méjèèjì jọ kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kan náà, ti dìde.

"Ẹ jẹ́ n bi yín," ni ó wí. "Ní Ọ̀fà yìí, bí a bá ń jìjàkadì, tí ẹ̀yìn ẹnì kan kan ilẹ̀, kí la máa ń sọ?"

"Wọ́n ti dá a!"

"Ó dáa. Wàsíù ń fẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ mọ́tò Jàpáàn láti àárọ̀ dalẹ́. A jẹ́ pé takisí lásán ló ń dá a lójoojúmọ́!"

Èrò rẹ́rìn-ín. Bàbá Abdulwasiu gan-an rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ Abdulwasiu ní Ẹ̀yìn-Kanlẹ̀. Wọ́n pè é bẹ́ẹ̀ níbi ìgbéyàwó rẹ̀, wọ́n pè é bẹ́ẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tó ti Mẹ́kà dé, "Alhaji Ẹ̀yìn-Kanlẹ̀" ni wọ́n kọ sára kéèkì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbáko! Oṣù ààwẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni Abdulwasiu máa ń dárí ji gbogbo ayé. Tó bá kan Adétóyè, á fò ó.

Adétóyè ní tirẹ̀ gba ọ̀nà mọ́tò Jámánì lọ. Ó gbẹ́ kòtò gbọọrọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Mọ́tò á gun orí kòtò, òun á dúró sísàlẹ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun bíi ọkọ ìyàwó. Ẹ̀yìn rẹ̀ kì í kan ilẹ̀ láéláé. Wọ́n ní ìjókòó ló ń sùn sí nílé kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà kan bẹ́ẹ̀dì. Irọ́ ni. Ẹ̀gbẹ́ ló fi ń sùn.

Ní Oṣù Kejìlá tó kọjá ni Olúṣẹ̀yẹ, ọmọ Ọ̀fà tó rí ṣe ní Àbújá, gbé mọ́tò Jàpáàn kan wọ̀lú. Mọ́tò eré ìje ni, àwọ̀ eérú, ó sún mọ́lẹ̀ débi pé adìẹ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kó tó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Owó rẹ̀ á kọ́lé mẹ́ta, á tún ṣẹ́ kù fún géètì. Habeeb ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé ti Jámánì, pupa fòò. Láti Àbújá ni wọ́n ti ń jiyàn bọ̀ lórí èyí tó dára jù, ni Habeeb bá mú un lọ sọ́dọ̀ Adétóyè pé kó là wọ́n.

Adétóyè yí mọ́tò Jàpáàn náà po lẹ́ẹ̀mejì. "Gbogbo owó yìí, lórí ẹ̀gbọ́n takisí? Jámánì ti ń fi mọ́tò sáré kí àwọn wọ̀nyí tó mọ ohun tó ń jẹ́ eré. Tà á, ọmọ mi. Tà á kí wọ́n tó mọ̀ ẹ́ sí i."

Ojú Olúṣẹ̀yẹ rẹ̀wẹ̀sì. Ó wa mọ́tò rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Abdulwasiu. "Bàbá, ṣé kí n tà á lóòótọ́?"

 Abdulwasiu fi jáàkì gbé mọ́tò náà sókè, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó sì wà lábẹ́ rẹ̀ fún wákàtí kan. Nígbà tó jáde, ẹ̀rín bo gbogbo ojú rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni tìrẹ fi ń sá. Ti Habeeb, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjì péré ló ń ṣiṣẹ́. Lọ sọ fún Adétóyè kí mọ́tò méjèèjì jọ wá sáré ìje, ẹ̀ẹ̀mẹta, bíi ìjàkadì. Bí Jámánì bá gbé e, n ó ti ṣọ́ọ̀bù mi pa. Bí Jàpáàn bá gbé e, Adétóyè á fẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ lójú gbogbo ayé, n ó sì ka ení títí dé mọ́kànlélọ́gbọ̀n lé e lórí, ẹyọ kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi pè mí ní Ẹ̀yìn-Kanlẹ̀."

Adétóyè fi ẹ̀rín gbà á. Ọ̀nà tuntun kan tí wọn ò tíì ṣí, lọ́wọ́ Ìjàgbo, ni Abdulwasiu mú. Adétóyè wa mọ́tò débẹ̀, ó gba ojú fèrèsé wo ọ̀dà dúdú tó tẹ́ lọ gbọọrọ, ó ní ó dáa, ó yípo padà. Abdulwasiu bọ́ bàtà, ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn ín. Ọyẹ́ ti da iyẹ̀pẹ̀ sórí ọ̀dà náà, kúnná bí èlùbọ́. Ẹni tí kì í bá ilẹ̀ ṣe nǹkan kan kò lè mọ̀.

Lọ́jọ́ ìdíje, ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ kó gbogbo Ọ̀fà dà síbẹ̀. Ìdíje àkọ́kọ́, Jámánì gbé e.

"Ẹ̀yìn-Kanlẹ̀, lọ ti ṣọ́ọ̀bù o!"

Abdulwasiu rí i pé afẹ́fẹ́ táyà Olúṣẹ̀yẹ ti le jù. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tú u díẹ̀díẹ̀ kúrò nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́ẹ̀kejì, táyà ẹ̀yìn Habeeb ń yí lórí iyẹ̀pẹ̀ lójú kan bí ẹ̀rọ ìlọta; kó tó gbéra, Olúṣẹ̀yẹ ti dé òpin, ó ti ń nu gíláàsì ojú rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, Habeeb fi ìbínú tẹ̀ ẹ́, mọ́tò rẹ̀ ju ìdí sápá kan, ó yí bírí, ó kọjú sí ìlú Ìlémọnà. Eruku tó sọ, wọ́n ní títí di ìrọ̀lẹ́ làwọn ará Ìlémọnà ń sín.

Jàpáàn ti gbé e ní méjì sí ọ̀kan, Abdulwasiu sì ti ń fi jáàkì gbé mọ́tò rẹ̀ sókè.

"Wàsíù," ni Adétóyè rọra wí, "a ti dàgbà. Jẹ́ ká parí ẹ̀ nílé."

"Ṣé ilé lo ti sọ mí lórúkọ?"

Adétóyè dùbúlẹ̀, ó fi ṣẹ́ẹ̀tì funfun wọ́ wọ abẹ́ mọ́tò. Abdulwasiu ká ṣòkòtò sókè, ó dúró níbi ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń kà. Láàárín ẹ̀ta sí ẹ̀rin, ó mu píọ́ wọ́tà kan tán. Láàárín ẹ̀wàá sí mọ́kànlá, ó kí ẹnì kan tó ń kọjá, ó béèrè ìyàwó rẹ̀.

Ó ti dé méjìdínlọ́gbọ̀n kí ohùn tó jáde lábẹ́ mọ́tò.

"Wàsíù, ọ̀pá yìí gba àárín kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn. Òun ló ń yí gbogbo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Iṣẹ́ rèé o. Kò sí ohun tí Jámánì fi jù wọ́n lọ."

 Olúṣẹ̀yẹ ju kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sókè, ó fi ọwọ́ há a. Kò ní tà á mọ́. "Bàbá," ó wí, "ó ti gbà fún yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dìde."

Abdulwasiu fi fìlà nu ojú rẹ̀.

"Ta ló ní kó sọ̀rọ̀? Ó ti da òǹkà mi rú." Ó tún ẹsẹ̀ rẹ̀ tò, ó wúkọ́. "Ení."